Onílà Ò Níí Fi Iṣẹ́ Rẹ̀ Sílẹ̀

Ọkùnrin kan wọ ọ́fíìsì, ó gbá àpótí ìgò mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, síbẹ̀ kò jẹ́ kí aṣọ́nà bá òun gbé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ni wọ́n ń pè ní Onílà níbí?"

Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà gbójú sókè. Òun ni. Òun ló kọ àkójọ kóòdù kan tó ń sọ nọ́ńbà di báákóòdù, àwọn ìlà dúdú tí ẹ̀rọ ń kà lára ọjà, tó sì fi í sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹni tó bá wù lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni ìnagijẹ rẹ̀ ti wá.

"Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ti wá. Iṣẹ́ yín la fi ń tẹ àmì sára ìgò, àmọ́ ẹ̀rọ wa ò rí i kà mọ́. Ẹ̀rù ń bà wá kí èsì ẹlòmíì má lọ bọ́ sọ́wọ́ aláìsàn."

Onílà yí ìgò kan lọ́wọ́. Irú ìgò tuntun ni, ó sì tín-ín-rín débi pé àbọ̀ àmì náà ti yí sẹ́yìn.

"Ìgò yín ló rù. Ẹ ò fún un lóúnjẹ."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Onílà tún kóòdù rẹ̀ kọ, kí àmì lè máa gun ìgò lọ sókè bí àkàbà, dípò kó máa yí i ká bí ìgbànú. Ẹ̀rọ kà á.

Ọkùnrin náà padà wá dúpẹ́. Ó tún padà wá.

"Ṣé ẹ̀rọ yín tún bàjẹ́ ni?"

"Ẹ̀rọ wà digbí. Èmi gan-an ni ara mi ò yá."

Díẹ̀díẹ̀, "ẹ" di "o", "o" di "olólùfẹ́ mi." Ni ọkùnrin náà bá mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì.

"Ta ló ń sanwó iṣẹ́ ìlà tí ọmọ mi sọ yìí fún ọ?" ìyá bi í.

"Kò sẹ́ni tó ń san án, mà. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mo fi ń jẹun. Èyí, ti gbogbo ayé ni."

"Obìnrin tó fẹ́ lọ́kọ ò lè máa ṣe ti gbogbo ayé. Bó o bá máa fẹ́ ọmọ mi, wàá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀."

Onílà wo olólùfẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ lọ́kùnrin náà ń wò. Ìyẹn dùn ún ju ọ̀rọ̀ ìyá lọ.

"Mo bọ̀wọ̀ fún yín, mà. Ṣùgbọ́n mi ò níí fi í sílẹ̀." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

Ọkùnrin náà sáré bá a ní títì. "Má bínú. Ìyá mi ni."

"Mo mọ̀ pé ìyá ẹ ni. Ẹnu tìẹ ńkọ́? Ta lo yá a?"

Onílà ò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Ó sunkún, àmọ́ kò yéé kọ kóòdù. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà wọ ọ́fíìsì wá lọ́sàn-án gangan, ó dúró níwájú gbogbo èèyàn.

"Mo ti sọ fún ìyá mi pé ìwọ ni mo máa fẹ́, tìwọ tiṣẹ́ ẹ. Wọ́n ní àwọn ò ní wá síbi ìgbéyàwó. Mo ní a máa ṣe é láìsí wọn."

"Ó pẹ́ kó o tó sọ ọ́."

"Ó pẹ́ lóòótọ́. Ṣé kí n máa lọ ni?"

"Fa àga yẹn, kó o jókòó."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n ti buwọ́ lùwé ìgbéyàwó tán kí ìyá ọkọ tó wọlé. Kò rẹ́rìn-ín. Iwájú ìyàwó ló lọ tààrà.

"Ṣé o ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀?"

"Rárá, mà."

Ìyá wò ó títí. Ó wá na ọwọ́, ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe.

"Olóríkunkun. Ó yá, sún mọ́ ọkọ ẹ, kí wọ́n ya wá ní fọ́tò."