Ẹni Tí Ó Ń Lu Páìpù Lókè Orí Wa

Irin ìgbóná yàrá wa ń pariwo, ṣùgbọ́n ó tutù. Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú nìyẹn. Tí irin bá tutù, kó dákẹ́. Tó bá fẹ́ pariwo, kó gbóná. Tiwa ń kùn bí ikùn ẹni tí kò jẹun láti àná, mo gbé ọwọ́ lé e, ó tutù bí irin ìsọ̀ mi lọ́jà láàárọ̀.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n tan ooru sí gbogbo ìlú Bishkek, bí wọ́n ti ń ṣe tí oṣù kọkànlá bá dé. Omi gbígbóná ń gba abẹ́ ilẹ̀ bọ̀, ó ń gun páìpù láti ilé ìsàlẹ̀ dé ilé òkè pátápátá, ó ń wọ irin ìgbóná yàrá kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ilé wa gbóná, àfi àwa tí a wà lórí páìpù kan náà, láti àjà kìíní dé ìkarùn-ún. Èmi wà ní ìkẹrin.

Yàrá kan ṣoṣo ni mo ní, inú rẹ̀ sì ni Nurzat ọmọ mi wà pẹ̀lú ọmọ tuntun. Oyún oṣù méje ààbọ̀ péré ló bí. Ọmọ náà kò ju bàtà ọkùnrin kan lọ, èmi tí mo ń ta bàtà ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Umut la sọ ọ́. Ọjọ́ kẹrìnlá rẹ̀ ni ooru dé ìlú. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ kì í jáde nílé kí ogójì ọjọ́ tó pé, áńbọ̀sì irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi tó ní ká gbé e wá sílé òun, mo lé e jáde. Mo ra ẹ̀rọ iná tí ń mú yàrá gbóná, ó jó wáyà ògiri lọ́jọ́ kejì. Bí a ṣe wà nìyẹn, ètè ọmọ ń dúdú láràárọ̀.

Ọjọ́ Ajé yẹn náà ni lílù bẹ̀rẹ̀. Kó, kó, kó, kó. Ó dákẹ́. Kó, kó, kó, kó. Láti òkè ni, látinú ilé Màmá Zinaida.

Nínú ilé wa, tí ẹnìkan bá fi ṣíbí lu páìpù, ohun tó ń sọ ni pé kí ẹ dákẹ́ ariwo. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Tí o bá ń kan ìṣó mọ́ ògiri, wọn á lù ú. Tí ọmọ rẹ bá ń ké, wọn á lù ú. Umut sì ń ké nítorí òtútù. Mo ní, ọmọ ọjọ́ mẹ́rìnlá ni obìnrin yìí ń bá jà? Mo mú ṣíbí onírin ńlá, mo lù ú padà lẹ́ẹ̀mẹjọ.

Àgbàlagbà ará Rọ́ṣíà ni Màmá Zinaida. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì, òun nìkan ló ń gbé òkè yẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ ti kó padà sí Rọ́ṣíà. Èmi àti ẹ̀ kì í rẹ́. Ó ti pe ọlọ́pàá sí mi rí torí pé mo to páálí bàtà sójú àtẹ̀gùn. Gulsun tó ń gbé ìsàlẹ̀, tó mọ ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn, sọ fún wa pé màmá náà ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Omsk, pé òun rí báàgì tó dì. Mo bi í ta ló wá ń lu páìpù, ṣé báàgì ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Sovetbek tó ń tún páìpù ṣe dé. Ó fetí sí irin, ó gòkè, ó tẹ agogo ilẹ̀kùn Zinaida títí, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Ìyá, afẹ́fẹ́ ló há sínú páìpù yín. Kò fún omi láyè."

"Tú u sílẹ̀ nígbà náà."

"Òkè ló máa ń sá sí. Inú ilé màmá yẹn la ti lè tú u. Táàpù kékeré kan wà létí irin wọn, kọ́kọ́rọ́ la fi ń yí i, afẹ́fẹ́ á tú jáde títí omi á fi dé. Wọn ò ṣílẹ̀kùn."

"Já ilẹ̀kùn."

"Ṣé ẹ̀wọ̀n lẹ fẹ́ kí n lọ ni, ìyá?"

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, lílù náà tún dé, mẹ́rin géérégé. Ó ní afẹ́fẹ́ nìyẹn pẹ̀lú, pé afẹ́fẹ́ máa ń lu páìpù. Mo bi í pé ta ló kọ́ afẹ́fẹ́ ní ìṣirò. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó yára jáde.

Lílù kò dáwọ́ dúró. Èmi náà ò dáwọ́ dúró. Àwọn ará àjà kẹta dá sí i, àwọn ti ìkejì dá sí i, gbogbo wa ń fi ṣíbí àti òòlù bú obìnrin kan lórí páìpù kan.

Nígbà tí Jímọ̀ kejì fi máa dé, Umut kò ké mọ́. Ẹ̀rù ìyẹn ju igbe lọ. Nọ́ọ̀sì wá, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní tí kò bá móoru títí ọ̀la, ká gbé e wá sí ọsibítù. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ní ìrètí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo gòkè. Àtẹ̀gùn méjìdínlógún péré ni. Mo ta ilẹ̀kùn nípàá.

"Zinaida, mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Tọ́mọ yìí bá kú, ẹnu ọ̀nà rẹ ni n ó tẹ́ ẹ sí."

Mo fẹ́ ta á nípàá lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí mo gbọ́ ohun kan tó ń wọ́ ilẹ̀ lọ nínú yàrá, díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi, ó tún ń wọ́. Lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ṣììììì, bíi táyà tí ìṣó wọ̀. Ó pẹ́. Omi wá ń kán sínú abọ́.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, àrankàn rẹ ti parí nìyẹn. Nígbà tí mo fi dé ìsàlẹ̀, irin wa ti ń jó ọwọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Umut ti ń ké, Nurzat sì ń sunkún pẹ̀lú ẹ̀rín.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, òórùn dé. Òtútù ló ti dì í mú tẹ́lẹ̀, ooru ló tú u sílẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá já ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí Sovetbek wá ti omi, èmi náà tẹ̀ lé wọn wọlé. Báàgì wà lẹ́nu ọ̀nà. Màmá Zinaida wà nílẹ̀ lábẹ́ irin ìgbóná, ó wọ kóòtù ìrìnàjò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yí sódì, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tó ti ń lu páìpù, ọ̀dà ti bó dé irin. Dókítà ní ìgbáròkó rẹ̀ ló dá nígbà tó ṣubú, ọjọ́ Ajé tí ooru dé, tàbí ọjọ́ tó ṣáájú. Ó ní kò lè lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ láyé lẹ́yìn ìyẹn.

Mo fi ìka kà á. Ọjọ́ méjìlá la fi gbọ́ lílù.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi pè wá. A gbọ́ ọ, gbogbo wa, a sì dá a lóhùn pé kó dákẹ́. Inú bí mi sí Gulsun àti báàgì rẹ̀. Inú bí mi sí àwọn ọmọ tí kò pe ìyá wọn lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ mú ṣíbí? Èmi ni.

Sovetbek tẹ̀ ba síbi irin, ó pẹ́ níbẹ̀. Abọ́ kan wà lábẹ́ táàpù kékeré náà, omi dúdú kún un dé ẹnu.

"Ìyá," ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ẹ wá wò ó."

Ọ̀dà ti bo táàpù náà mọ́lẹ̀, ọ̀dà àtijọ́, ìpele lórí ìpele. Kò sí ibi tó sán. Kọ́kọ́rọ́ kankan kò lè wọ ibẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára ṣòkòtò, ó jáde, kò padà wá mú irinṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọbìnrin Màmá Zinaida wá láti Omsk, wọ́n sin ín, ọlọ́pàá ti ilẹ̀kùn, wọ́n lẹ bébà mọ́ ẹnu rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa wọlé. Umut pé ogójì ọjọ́, a wẹ̀ ẹ́, a gbé e jáde sínú oòrùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ìyẹn, Nurzat ń fún un lọ́mú. Kó, kó, kó, kó.

Nurzat na ọwọ́ sí ṣíbí bí ó ti mọ́ wa lára. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gòkè. Bébà ọlọ́pàá wà bó ṣe wà, kò ya. Mo rọra kan ilẹ̀kùn.

"Màmá Zinaida, èmi Kalipa ni. Mo ti dé. Kí lẹ fẹ́?"

Lílù dáwọ́ dúró. Ohùn kan wá láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, níbi tó ti pàdé ilẹ̀, ohùn tíṣà tí inú ń bí.

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni?"