Ẹni Tó Ń Gun Kẹ̀kẹ́ Lẹ́yìn Wa

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. Kì í ṣe wọ́n-ní, kì í ṣe mo-gbọ́-lẹ́nu-lágbájá. Etí tí mo fi ń dá ohùn ọkọ mi mọ̀ ni mo fi gbọ́ ọ, ara mi sì le koko lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kò burú. Ọkọ mi náà kò kọ́kọ́ gbà.

Bàbá ọkọ mi ló kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ gígùn. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí òkè kan nítòsí ìlú wa tí ẹsẹ̀ wọn kò dé. Nígbà tí ìyá ọkọ mi, tí mo ń pè ní Màámi, kú, Bàbá dákẹ́. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà, wọn kò ráhùn. Wọ́n kàn dákẹ́ ni, bí ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Orí kẹ̀kẹ́ nìkan ni ojú wọn ti máa ń là díẹ̀. Nítorí náà, bí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, èmi àti wọn a gbé kẹ̀kẹ́ wa, ó di orí òkè.

Ọkọ mi kò fẹ́ ẹ rárá.

"Bàbá, ẹ ti dàgbà. Òkè yẹn ò mọ àgbà."

"Èmi náà ò ní kó mọ̀ mí."

Kẹ̀kẹ́ Bàbá lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń pariwo. Tí a bá ti ń gun òkè, gíà ẹ̀yìn á máa han, ṣéènì á máa fò. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé eku ló bímọ síbẹ̀. Nígbà tó yá, ṣéènì fẹ́rẹ̀ẹ́ já wọn sílẹ̀ níbi tó ga, ni a bá gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ Onígirísì, ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́.

Onígirísì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ìka kan rọ́là méjèèjì tó wà lára apá gíà ẹ̀yìn, àwọn rìbìtì eléyín kékeré tí ṣéènì ń gbà kọjá. Wọ́n ń mì jẹgẹjẹgẹ bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Eyín tiwọn gan-an ti jẹ, ó ti mú ṣóńṣó.

"Bàbá, ẹ̀yin ò gbọ́ ariwo yìí ni?"

"Mo gbọ́. Ariwo sàn ju kéèyàn dá wà lọ."

Onígirísì dìde. Ó kó rọ́là tuntun sórí tábìlì, ó ń ka eyín wọn mọ́ ti àtijọ́, ó ń wò ó bóyá wọ́n fẹ̀ ju ohun tí ṣéènì lè gbà lọ.

"Onírin máa ń pẹ́, àmọ́ ó máa ń sọ̀rọ̀. Oníke tètè ń jẹ, àmọ́ kì í sọ̀rọ̀. Ti òkè ló ń darí ṣéènì, ti ìsàlẹ̀ ló ń fà á le. Tí ẹ bá tú wọn, ẹ má fi ọ̀kan sípò ìkejì."

Bàbá mú oníke dúdú, èyí tó ní bẹ́árìn, àwọn irin róbótó tó ń mú un yí, nínú. Nígbà tí wọ́n fi ìka ta á, ó yí, ó yí, bí ẹni pé kò ní dúró mọ́.

"Báwo la ó ṣe máa tọ́jú ẹ̀?" mo bi í.

"Tí ẹ bá ti òkè dé, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku ara ẹ̀. Ẹ má fi omi tó ń tú pẹ̀lú agbára lù ú, omi á wọ bẹ́árìn. Ẹ máa tú u lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ nù ún, ẹ kán òróró sí i. Ìwọ̀nba o. Òróró tó bá pọ̀ jù, eruku ló ń pè wá jẹun."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a gun òkè. Kẹ̀kẹ́ Bàbá kò dún. Kò dún rárá. Mo ń gbọ́ ẹ̀mí mi. Mo ń gbọ́ koríko tó ń kan ẹsẹ̀ wa. Mo ń gbọ́ ẹyẹ kan lọ́ọ̀ọ́kán.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ táyà kẹ̀kẹ́ kẹta.

Ó wà lẹ́yìn wa, lórí òkúta wẹ́wẹ́. Mo bojú wẹ̀yìn. Ọ̀nà ṣófo. Mo dúró, Bàbá dúró. Ohun náà dúró pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dúró. Ẹnì kan ń mí hẹlẹ hẹlẹ lẹ́yìn wa, bí ẹni tí òkè ti gbà lágbára. Irun orí mi dìde.

"Bàbá, ṣé ẹ gbọ́?"

"Máa gun kẹ̀kẹ́ ẹ, ìyàwó wa."

A dé orí òkè. A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bú jáde lẹ́yìn wa. Ẹ̀rín ẹni tó tú bíréèkì sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀, tó rí i pé òun kò ṣubú. Mo fẹ́ bojú wẹ̀yìn. Àmọ́ kí n tó mọ ohun tí màá ṣe, Bàbá ti ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí a ti sin Màámi, n kò gbọ́ ẹ̀rín wọn mọ́.

Nísàlẹ̀ òkè, mo fi ohùn jẹ́jẹ́ bi wọ́n.

"Ṣé Màámi ni?"

"Rárá. Mo mọ ẹ̀rín ìyàwó mi. Òun kọ́."

"Ta wá ni?"

"Mi ò mọ̀. Àmọ́ inú ẹ̀ dùn."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń bá wa lọ. A wá rí i pé ìgbà tí kẹ̀kẹ́ bá dákẹ́ nìkan la máa ń gbọ́ ọ. Tí ẹrẹ̀ bá gan mọ́ rọ́là, tó bẹ̀rẹ̀ sí í han, àwa méjì péré la ó jọ lọ, tí a ó jọ bọ̀. Bàbá kò wá jẹ́ kí ẹrẹ̀ sùn mọ́ ọn. Wọ́n á jókòó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti àkísà, wọ́n á máa nù eyín rọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan, orin á máa jáde ní imú wọn. Ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ṣí.

"Wọn ò wẹ èmi báyìí rí," ni ọkọ mi wí. Ní ti ẹni kẹta, ó ní gbohùn-gbohùn ni, òkè ló ń dá ohùn wa padà.

Ọjọ́ kan wá wà tí kùrukùru ká wa mọ́ orí òkè. Ó sọ̀ kalẹ̀ lójijì, funfun, ó tutù. N kò rí ọwọ́ ara mi dáadáa. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tó lọ sílé, èkejì sì parí sẹ́nu kòtò jíjìn tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta nígbà kan. A kò mọ èyí tí a wà lórí ẹ̀.

Lójijì, táyà kẹ̀kẹ́ kẹta gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Atẹ́gùn ẹ̀ kàn mí lápá. Ó bọ́ síwájú.

"Tẹ̀ lé e," ni Bàbá wí.

Mo di bíréèkì mú. "Bó bá jẹ́ kòtò ló ń mú wa lọ ńkọ́?"

"Ẹni tó bá fẹ́ pa wá ti láyè ẹ̀ tipẹ́."

A tẹ̀ lé e. Tí ọ̀nà bá fẹ́ yà, á rẹ́rìn-ín lápá ibi tó yẹ ká yà sí. Tí a bá lọ́ra, á dúró dè wá, a ó máa gbọ́ bó ṣe ń mí. Àyà mi ń já, síbẹ̀ ẹ̀rín ń pa mí. Ṣé ẹ ti bẹ̀rù rí kí inú yín máa dùn? Bó ṣe rí nìyẹn.

A jáde sí títì. Ọkọ mi dúró síbẹ̀, ó ti wá wa wá. Ó wò wá, ó wo ẹ̀yìn wa, ó wo ọ̀nà ìlú.

"Ẹnì kẹta yín dà?"

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́.

"Ó ṣáájú yín jáde," ló wí. "Ó juwọ́ sí mi."

Ilẹ̀ rọ̀ níbẹ̀. A wò ó. Ojú táyà kẹ̀kẹ́ méjì péré la rí, tèmi àti ti Bàbá.

"Báwo ló ṣe rí?" mo bi í.

Ọkọ mi wo bàbá ẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Títí dòní, kò tíì sọ ọ́ fún wa.

Ó kàn gbé kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Onígirísì, ó ní kó bá òun fi rọ́là tuntun sí i. Oníke ló mú. Sátidé tó kàn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ gun òkè. Oòrùn ràn, kùrukùru kankan kò sí. Kẹ̀kẹ́ kankan kò dún. Nígbà tí a dé góńgó, ọkọ mi tẹ aago tó wà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ ẹ̀, gíríín.

Lẹ́yìn wa, aago dáhùn. Kì í ṣe ẹyọ kan. Aago púpọ̀ ni, ó kún ọ̀nà láti orí òkè títí dé ìsàlẹ̀ ibi tí a ti wá.

Ẹnikẹ́ni nínú wa kò bojú wẹ̀yìn. A tú bíréèkì sílẹ̀.