Ká Ṣiṣẹ́ Òjé, Kí Òjé Má Ṣe Wá

Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì náà kọ́kọ́ wọ ọgbà bátìrì, gbogbo òṣìṣẹ́ ló sá fún un, àfi Ọ̀gá Iná. Kì í ṣe pé ó láyà ju àwọn yòókù lọ o. Iléru ló ń ṣọ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í fi iléru sílẹ̀ nígbà tí òjé bá ń yọ́ nínú rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ló ti wà nídìí iṣẹ́ náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a fọ́ bátìrì ọkọ̀ tó ti kú, wọn a da omi inú rẹ̀ sí gọ́tà, wọn a kó òjé ibẹ̀ wá bá a. Òun a yọ́ ọ, a sì dà á sínú àpótí irin kó lè tutù, kí àwọn tó ń ṣe bátìrì tuntun lè wá rà á. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ọ̀gá Iná. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní "Ọkọ mi".

Nọ́ọ̀sì náà gbé àpótí rẹ̀ lé orí àgbá kan. Ó ní ìjọba ló rán òun wá láti ilé ìwòsàn, pé òun fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn fún àyẹ̀wò.

"Ẹ̀fọn dé o!" ni ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn òkìtì bátìrì. Gbogbo ọgbà bú sẹ́rìn-ín.

Obìnrin náà ò bínú. "Ẹ̀fọn tó bá kọ́kọ́ kí èèyàn kó tó jẹ ẹ́, ẹ̀fọn ọmọlúàbí ni. Ẹ káàárọ̀ o."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Ọ̀gá Iná. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ tèmi ò ṣeé tà o."

"Ta ló fẹ́ rà á? Ọ̀fẹ́ lẹ máa fún mi."

Ẹ̀rín pa á, ó na apá. Bí nọ́ọ̀sì náà ṣe di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó wò ó pẹ́.

"Ọwọ́ yín ń gbọ̀n. Àbí èmi lẹ̀ ń bẹ̀rù?"

"Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń gbọ̀n. Ẹ̀yin kọ́."

Ó pa irọ́ díẹ̀ mọ́ ọn. Ọwọ́ náà ti ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àyà tó ń lù kì kì kì yẹn, òní gan-an ló bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀sì padà wá, ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ọ́fíìsì kékeré tó wà lẹ́nu géètì. Ọ̀gá Iná ló pè gbẹ̀yìn.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Òjé ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ yín. Tiyín ló pọ̀ jù nínú gbogbo wọn."

"Òjé kẹ̀? Mi ò jẹ òjé rí láyé mi."

"Ẹ̀ ń fà á símú nínú èéfín. Ọwọ́ tí ẹ fi dì í mú náà lẹ fi ń jẹun. Òun ló ń run yín nínú, òun ló ń mú ọwọ́ yín gbọ̀n." Ó ṣí ìwé rẹ̀. "Ta ló ń fọ aṣọ tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́?"

"Ìyá mi."

"Ọmọdé wà nínú ilé?"

Ọ̀gá Iná wo aṣọ ọrùn rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà lọ́dọ̀ wọn, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ta tí iṣẹ́ gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Bó bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á sáré wá fò mọ́ ọn láyà, á gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé aṣọ tí eruku iléru ti kún bámúbámú. Ọmọ náà ò sì tíì lè sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ. Ìyá Ọ̀gá Iná ti máa ń sọ pé ọmọ mìíràn máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò. Òjé wà níbẹ̀.

Ọ̀gá Iná jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé ìwòsàn, ó sunkún bí ọmọ kékeré. "Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé e wálé fún un," ló ń wí.

Nọ́ọ̀sì ò ní kó dákẹ́. Ó jókòó tì í títí ojú rẹ̀ fi gbẹ. Ó wá ní, "Ẹ ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ẹ ti mọ̀. Ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀."

Ọpẹ́ ló kọ́kọ́ wọ ọkàn rẹ̀ sí obìnrin yìí. Ìfẹ́ tẹ̀ lé e wọlé.

Dókítà ní kó kúrò nídìí iléru, ni wọ́n bá fi í sẹ́nu géètì. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, nọ́ọ̀sì máa ń wá wo ọmọ náà nílé. Ó kọ́ ìyá Ọ̀gá Iná pé kó má gbálẹ̀ ní gbígbẹ mọ́, kó máa fi aṣọ tútù nù ún. Ó kọ́ ọmọ náà ní orin ọwọ́ fífọ̀. Ó ní Ọ̀gá Iná ò gbọ́dọ̀ gbé ọmọ láìtíì wẹ̀. Ìyá náà máa ń mi orí: "Ọmọ yìí mà mọ ìtọ́jú o."

Ní ọjọ́ kan, Ọ̀gá Iná sìn ín dé ibùdókọ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ mi ti wà lọ́wọ́ yín. Ọkàn mi ló kù nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúkú gbà á mọ́ ọn."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi kọjá lára wọn. "Mo ti gbà á tipẹ́, mò ń retí kí ẹni tó ni ín wá bèèrè ni. Yéé pè mí ní 'ẹ' o jàre."

Ayọ̀ náà ò pé oṣù mẹ́ta tí ìjọba fi ti ọgbà bátìrì pa. Wọ́n lẹ ìwé pupa mọ́ géètì: omi bátìrì ń ṣàn lọ sínú gọ́tà àdúgbò, kò sí balùwẹ̀, kò sí ìbòmú, èéfín ń wọ ilé àwọn èèyàn. Gbogbo ọgbà ló mọ ẹni tó kọ̀wé sí ìjọba. Ẹ̀fọn ni.

Ìyá Ọ̀gá Iná fárí gá. "Ọkọ mi, ẹni tó bu omi pa iná tó ń bọ́ wa, òun lo fẹ́ fi ṣaya? Kò ní ṣẹlẹ̀ lójú mi!"

Inú bí òun náà. Ó lọ bá nọ́ọ̀sì lẹ́yìn ilé ìwòsàn.

"O mọ̀ pé wọ́n máa tì í?"

"Mo mọ̀."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Ká ní mo sọ fún ọ ni, wàá bẹ̀ mí. Bí o bá sì bẹ̀ mí, màá gbọ́." Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Ọmọ mélòó ló kù ládùúgbò yẹn tá ò tíì yẹ̀ wò?"

Ọ̀gá Iná yí padà. Ó ń lọ, kò kí i pé ó dàbọ̀. Oṣù méjì gbáko, wọn ò fojú kanra.

Ohun tó là á lójú ni ọjọ́ tó lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ó bá a lẹ́yìn ilé, tó gbé ìkòkò òjé ka iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń se oúnjẹ. Èéfín ń wọ inú ìkòkò ọbẹ̀. "Ká má jẹun ni?" ni ọ̀rẹ́ náà wí. Oorun ò kun Ọ̀gá Iná títí di ọjọ́ tí àwọn aṣòfin ní kí ará ìlú wá sọ èrò wọn lórí òfin bátìrì tí wọ́n fẹ́ ṣe.

Gbọ̀ngán kún fọ́fọ́. Ọ̀gá tó ni ọgbà dìde, ó ní òfin yìí máa pa àwọn run, kí wọ́n fi àwọn sílẹ̀ bí àwọn ṣe wà. Bàbá kan tó wọ kóòtù dìde, ó ní kí wọ́n fòfin de yíyọ́ bátìrì pátápátá. Nọ́ọ̀sì ka èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ni Ọ̀gá Iná bá nawọ́ sókè.

"Ẹ̀yin àgbà, òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Bí ẹ bá fi wá sílẹ̀ bí a ṣe wà, a ó máa gbé májèlé lọ fáwọn ọmọ wa nílé. Bí ẹ bá sì tì wá pa, ṣé bátìrì ò ní kú mọ́ ni? Ẹ̀yìn ilé la máa lọ yọ́ ọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀. Mo ti fojú ara mi rí i. Ẹ fún wa ní balùwẹ̀ àti ìbòmú. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ta tuntun gba òkú bátìrì padà, kó gbé e wá sí ibi tó yẹ. Ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́ òjé, kí òjé má ṣe wá!"

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Kò tíì jókòó.

"Ẹni tó kọ ìwé tí wọ́n fi ti ọgbà wa pa wà níbí. Mo bínú sí i. Ṣùgbọ́n òun ló sọ ohun tó ń pa mí fún mi nígbà tí mi ò tíì kú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo yín."

Nígbà tó jáde, nọ́ọ̀sì ti ń dúró dè é lórí àtẹ̀gùn.

"Ṣé o ò bínú sí mi mọ́?" obìnrin náà bèèrè.

"Èmi ló yẹ kí n bi ọ́ bẹ́ẹ̀, olólùfẹ́ mi. Jọ̀ọ́, má bínú."

Wọ́n ṣe òfin náà. Ọ̀gá ọgbà kùn títí, ṣùgbọ́n ó kọ́ balùwẹ̀, ó wá àgbá tí wọ́n ń da omi bátìrì sí, ó fi asẹ́ sẹ́nu ọ̀nà èéfín, wọ́n sì ṣí géètì. Ọ̀gá Iná ni wọ́n fi ṣe alábòójútó. Kò sẹ́ni tó lè jáde lọ́wọ́ rẹ̀ láìwẹ̀, làwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá yí orúkọ rẹ̀ padà sí Ọ̀gá Ọṣẹ.

Ó lọ kí bàbá nọ́ọ̀sì, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá náà ò fi bọpo bọyọ̀.

"Ọmọkùnrin, mo gbọ́ pé òjé máa ń ba ọmọ bíbí jẹ́. Ṣé wàá lè bímọ?"

"Bàbá, mi ò mọ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ń mọ́ sí i, pé ìrètí wà. Mi ò lè ṣèlérí ohun tí mi ò mọ̀ fún yín."

Bàbá wò ó títí. "Ẹni tí kò purọ́ fún mi lónìí, kò ní purọ́ fún ọmọ mi lọ́la. Mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ńkọ́? Ọmọ mi ò ní wọ ilé tí wọn ò ti fẹ́ ẹ."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ dì sí. Ìyá kọ̀ jálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ti padà dé. Ọ̀gá Iná bẹ̀ ẹ́ títí, ó sú u.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá bu oúnjẹ sábọ́, ó fẹ́ máa jẹun. Ọmọ náà fa aṣọ rẹ̀, ó lejú koko, ó ní, "Màmá, ẹ fọ ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó jẹun!"

Ìyá dá ọwọ́ dúró lófuurufú. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ náà, kò sọ gbólóhùn tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbé e mọ́ra, ó bú sẹ́kún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá wọ aṣọ tó dára, ó lọ sílé ìwòsàn, ó tò sórí ìlà bí aláìsàn. Nígbà tó kàn án, nọ́ọ̀sì gbójú sókè, ó fò dìde.

"Ẹ káàárọ̀, Mà! Kí ló ń ṣe yín?"

"Ọpẹ́ ló ń ṣe mí, ọmọ mi."

Ó fẹ́ kúnlẹ̀, nọ́ọ̀sì yára gbá a mú. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀." Àwọn méjèèjì dìrọ̀ mọ́ra, wọ́n ń sunkún, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn láti ìta pé ìlà ò lọ mọ́.

Ìyá nu ojú, ó ṣílẹ̀kùn gbayawu. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù díẹ̀ fún wa. Ìyàwó ọmọ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Kò pé oṣù méjì tí wọ́n ṣègbéyàwó. Ọgbà bátìrì paná fún ọjọ́ kan, gbogbo òṣìṣẹ́ wọ aṣọ mímọ́ wá, ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìjókòó, kò sẹ́ni tó jẹ́ bá a wí. Wọ́n ní kí ọkọ ìyàwó sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo bàbá ìyàwó, ó wá wo obìnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, gbogbo wọn sì rí i pé ọwọ́ tirẹ̀ ò gbọ̀n mọ́.

"Ẹ bá mi dúpẹ́," ló wí, ó sì jókòó.