Ohun Tí Ògbufọ̀ Sọ Fún Ìyá

Ọjọ́ tí aránṣọ kọ́kọ́ bá ògbufọ̀ sọ̀rọ̀, ìjà ló bá a wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo fíìmù Íńdíà lórí fóònù lónìí, tí ọ̀rọ̀ ń sáré kọjá nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ò lè mọ bó ṣe rí nígbà náà. Ilé sinimá ni: ògiri funfun kan, bẹ́ǹṣì gígùn-gígùn, fáànù méjì lókè àjà tí ọ̀kan ń yí tí èkejì ń wò ó. Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á pa iná, Íńdíà á sì tàn sára ògiri. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin kan fi máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́, tí á máa sọ ọ́ lédè wa bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ògbufọ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó ti bá ará Íńdíà kan tó ń ta aṣọ ṣiṣẹ́ rí, ibẹ̀ ló ti gbọ́ èdè wọn. Bó bá sọ̀rọ̀ ìyá arúgbó, ohùn rẹ̀ á máa gbọ̀n. Bó bá sọ̀rọ̀ ọ̀daràn, àwọn ọmọdé á sá mọ́ ìyá wọn láyà.

Aránṣọ kì í pa Sátidé kan jẹ. Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ máa ń wá. Ojú ìyá ti ń ṣú bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ló ń rí lára ògiri. Ohùn ògbufọ̀ ló fi ń wo fíìmù.

Wọ́n wá ṣe ọ̀kan nípa atukọ̀ kan tó fẹ́ràn ọmọ alágbẹ̀dẹ wúrà. Nígbẹ̀yìn, omi gbé atukọ̀ lọ. Ìyá sunkún délé. Oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ tutù síbẹ̀. Nígbà tó di Sátidé kejì, aránṣọ ṣáájú gbogbo èrò dé ilé sinimá, ó bá ògbufọ̀ níbi tó ti ń nu ẹ̀rọ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ṣé ẹ̀yin lẹ pa atukọ̀ yẹn?"

Ògbufọ̀ gbójú sókè. "Èmi kọ́ o. Omi ló pa á."

"Ẹnu yín ló pa á. Ìyá mi ò rí omi kankan. Ẹnu yín nìkan ló ń rí."

Ọkùnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú ọmọbìnrin náà, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì. "Kí wá lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n fà á yọ?"

"Ẹ fà á yọ."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá mọ fíìmù Íńdíà mọ̀ pé tó bá ti ku díẹ̀ kó parí, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ níbẹ̀ mọ́, orin àti ẹkún ló máa ń kù. Bí wọ́n bá ti débẹ̀, ògbufọ̀ á gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀, á wá jókòó ti ìyá lórí bẹ́ǹṣì, á sì fi ohùn jẹ́jẹ́ parí ìtàn náà sí i létí. Lára ògiri, wọ́n ń gbé òkú. Létí ìyá, wọ́n ń gbé ìyàwó. Gbogbo ilé á máa fa ikun nímú, ìyá nìkan á máa pàtẹ́wọ́.

"Kí ló ń pa wọ́n lẹ́kún?" ni ìyá á bi í.

"Ayọ̀ ni, mà. Wọn ò lè mú un mọ́ra."

Aránṣọ á fi aṣọ bo ẹnu, kí ẹ̀rín má bàa bọ́. Ibi tí ojú òun àti ti ògbufọ̀ ti ń pàdé lórí orí ìyá, nínú òkùnkùn yẹn, ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ mọ ẹni tó kú.

Kò pẹ́ tí ògbufọ̀ fi mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Á wá jókòó sórí àpótí nídìí maṣíìnì, á máa bá a mú òwú, wọ́n á sì máa jà lórí fíìmù.

"Nínú orin kan ṣoṣo, ọmọbìnrin yẹn pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹrin," ni aránṣọ wí lọ́jọ́ kan. "Orí òkè ló wà, òjò ń rọ̀, kò gbé báàgì dání. Ta ló ń rán an?"

"Ìfẹ́ ló ń rán an."

"Ìfẹ́ ò mọ bí wọ́n ṣe ń rán síìpù."

Ògbufọ̀ fẹ́ràn àwọn ti àtijọ́. Ó ní èyí tó ń dé báyìí, ariwo lásán ni. Akọni á wọ dígí dúdú, á ju ẹ̀ṣẹ́, ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ kò tíì bà á ti fò lọ bí ìwé. Ó ní nínú ti àtijọ́, bí ènìyàn bá fẹ́ sọ pé òun fẹ́ràn ẹnì kan, á fi ìdajì fíìmù wá ẹnu tó máa fi sọ ọ́.

"Ẹkún nìkan ni wọ́n ń fún obìnrin ṣe nínú ti àtijọ́," ni aránṣọ dá a lóhùn. "Nínú èyí tó dé lóṣù tó kọjá, ó dìde, ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ò ṣe."

"Ó sì sá lọ."

"Ó sì sá lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́, adúmáradán? Ṣé wàá lè sá?"

"Pẹ̀lú ìyá tí kò ríran? Ṣé kí n pọ̀n ọ́n ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni aránṣọ sọ fún un, pẹ̀lú ohùn tó ti wálẹ̀, pé dókítà ti pe òun sí kọ̀rọ̀. Ojú ìyá kò ní là. Èyí tó kù náà ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá béèrè, òun sọ pé wọ́n ní á là bí òògùn bá ti wọra.

"O ṣe dáadáa," ni ògbufọ̀ wí. Ó dì í lọ́wọ́ mú. "Ayé ò ní tán lónìí."

Nígbà tí ògbufọ̀ wá sọ ti ìgbéyàwó, ẹ̀gbọ́n ìyá, bàbá kan tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, fa imú sókè. "Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀."

Ìyá ló gbèjà rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń bá èmi sọ̀rọ̀. Òun lojú mi."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọmọ rẹ̀ nínú, bí ẹni pé wọ́n ti gbé ọkùnrin náà lé e lọ́wọ́.

Àfi Sátidé tí ìyá oníbúrẹ́dì, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwọn, pẹ́ dé, tí kò rí àyè jókòó níbòmíràn ju ẹ̀gbẹ́ ìyá lọ. Fíìmù ń parí lọ. Ògbufọ̀ tẹ̀ sí etí ìyá, ó ń ṣàpèjúwe bí ọkọ ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ìyá oníbúrẹ́dì yí ọrùn.

"Ògbufọ̀, fíìmù wo lẹ̀ ń wò? Ta ló ń gbéyàwó? Òkú ni wọ́n ń dáná sun yẹn."

Ìyá dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ó kàn ní kí ògbufọ̀ wá kí òun lọ́jọ́ kejì.

Ó wá. Ìyá ti wọ aṣọ tó dáa, ó jókòó sórí àga ọlọ́wọ́. Aránṣọ dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Jókòó, ọmọ mi. A fẹ́ wo gbogbo wọn padà, èmi pẹ̀lú rẹ. Atukọ̀ yẹn, ìyẹn ti lọ, a jọ gbọ́. Ọmọbìnrin tó ń ta òdòdó níwájú ilé ẹjọ́ ńkọ́?"

Ògbufọ̀ wo ilẹ̀. "Ó kú, mà. Ikọ́ ló pa á."

"Èmi ti bí ìbejì fún un lọ́kàn mi. Ọ̀gá ọlọ́pàá àti àbúrò rẹ̀?"

"Àbúrò kú, mà. Ẹ̀gbọ́n ló yìnbọn."

"Àwọn tí o sọ pé wọ́n jọ kọ́lé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ilé náà dáa. O sọ fún mi pé ilẹ̀kùn rẹ̀ pupa." Ìyá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Afọṣọ tó ń kọrin lẹ́bàá odò?"

"Ìyẹn ò kú, mà. Ọkọ rẹ̀ ni kò padà wá."

Báyìí ni wọ́n ṣe kà wọ́n lọ, òkú kan tẹ̀ lé òkú kan, ìyá sì ń sunkún wọn bí ẹni pé òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n kú. Ògbufọ̀ kò fi ọ̀kan pa mọ́. Kò sì fìgbà kan sọ pé ọmọ rẹ̀ ló bẹ òun kí òun ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, ara tu aránṣọ. Ó rò pé ó ti tán.

"Ó ku ẹyọ kan," ni ìyá wí. "Ọmọ mi kì í fi nǹkan pa mọ́ fún ọ. Ohun tí dókítà sọ, o ti gbọ́ ọ. Ojú mi yìí, ṣé á là?"

Ògbufọ̀ gbé ojú sókè, ó wo aránṣọ lẹ́yìn àga. Aránṣọ mi orí fún un: má sọ. Ó tún un mì.

"Á là, mà," ni ògbufọ̀ wí. "Òògùn yẹn máa ń pẹ́ kó tó wọra ni."

"Ó dáa. Mo ti gbọ́. Ẹ máa lọ sílé."

Ìyá kò pe ògbufọ̀ ní "ẹ" rí láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin náà dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó jáde.

"Yẹtí rẹ dún," ni ìyá wí fún ọmọ rẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ti jìnnà.

"Mà?"

"Nígbà tí mo bi í léèrè, yẹtí rẹ dún lẹ́ẹ̀mejì. O mi orí fún un."

Aránṣọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Màmá, èmi ni mo jẹ̀bi. Èmi ni mo ní kó máa yí i padà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti fíìmù, ti dókítà, èmi ni."

"Mo mọ̀. Ta ló ni ojú? Láti ọjọ́ tí mi ò ti rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́ ni mo ti mọ̀ pé kò ní là. Kì í ṣe ojú ni mò ń béèrè. Ọ̀rọ̀ yín ni màá fi máa ríran títí màá fi kú. Mo fẹ́ mọ irú ojú tí mo máa ní." Ó nawọ́ kan orí ọmọ rẹ̀. "Ọkùnrin náà ò burú. Ó dáa jù. Ẹni tó dáa tó bẹ́ẹ̀, òkú á wà nínú ilé, á ní ó ń sùn ni."

"Ó fẹ́ràn mi, Màmá."

"Ìyẹn gan-an ni. Bó o bá fẹ́ ẹ, mi ò ní bínú, mi ò ní gégùn-ún. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá yín gbé. Màá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi."

Aránṣọ mọ ilé ẹ̀gbọ́n ìyá. Orí àjà kẹta ni, àtẹ̀gùn rẹ̀ kò ní ohun ìdìmú. Ìyàwó ibẹ̀ kì í gbé ife sí ojú kan lẹ́ẹ̀mejì, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ó rí ìyá rẹ̀ níbẹ̀ lójú ọkàn, tó ń fi ọwọ́ táràrà wá ife.

Ní ṣọ́ọ̀bù ló ti sọ ọ́ fún ògbufọ̀. Maṣíìnì kò dún lọ́jọ́ náà.

"Jẹ́ kí n padà lọ bá a," ni ògbufọ̀ wí. "Màá sọ òótọ́."

"Ó ti mọ òótọ́ kó tó bi ọ́. Kí lo tún fẹ́ lọ sọ?"

"Ìwọ lo mi orí, olólùfẹ́ mi."

"Èmi ni."

"Ká ní n kò wò ọ́ ni."

"Ká ní o ò wò mí, bóyá mi ì bá má fẹ́ràn rẹ." Ó di etí aṣọ tó wà lórí itan rẹ̀ mú. "Mi ò lè jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn yẹn. Má bẹ̀ mí, torí bó o bá bẹ̀ mí, mo lè gbà."

Ògbufọ̀ kò bẹ̀ ẹ́. Ó jókòó sórí àpótí títí oòrùn fi kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gbá àwọn àjákù aṣọ tó wà nílẹ̀ jọ síbi kan bó ṣe máa ń ṣe, ó sì lọ. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, wọ́n gbọ́ pé ó ti rí iṣẹ́ ní ilé sinimá kan ní ìlú tó jìnnà. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kò mọ̀ ju "ó ní kó wá, ó ní òun ò wá" lọ.

Aránṣọ wá di ojú fún ìyá rẹ̀, kò sì yí ohunkóhun padà fún un mọ́. Bí ọbẹ̀ bá jóná, á ní ó jóná. Bí irun ìyá bá ti funfun tán, á sọ. Àwọn kan wá fẹ́ ẹ. Ó dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì lọ. Ilé sinimá di ibi tí wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì sí. Tẹlifíṣàn dé, fíìmù Íńdíà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé pẹ̀lú èdè wa nínú rẹ̀, tí kò nílò ògbufọ̀ kankan.

Ìyá kì í gbé ẹnu kúrò lára àwọn tuntun yìí. "Kò sí ìyá nínú èyí," ni yóò wí. "Ta ló bí wọn?" Tàbí, "Fóònù ló fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Kò tiẹ̀ dúró kí òjò rọ̀."

"Aṣọ wọn ti sunwọ̀n sí i, Màmá. Ṣùgbọ́n wọn ò jó bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń jó lẹ́yìn ti pọ̀ jù, èèyàn ò mọ ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fíìmù kan ń lọ lọ́wọ́ nínú yàrá. Ọmọbìnrin inú rẹ̀ ń jó fún ọkọ rẹ̀. Ìyá ti darúgbó gan-an nígbà náà, ó ti rọ sínú àga bí aṣọ tí wọ́n sá sílẹ̀.

"Ọmọ mi."

"Mà."

"Láti ìgbà tí ọkùnrin yẹn ti lọ, ṣé inú rẹ ti dùn rí?"

Aránṣọ wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyá kọjú sí i, ṣùgbọ́n ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, níbi tó rò pé ó jókòó sí. Orin ń lọ. Kò sẹ́lòmíràn nínú yàrá náà tí ìyá lè bi.

"Rárá, Màmá," ló wí.

Ìyá mí kanlẹ̀. Ó nawọ́, ó wá a títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan orúnkún ọmọ rẹ̀, ó sì fi í síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Aránṣọ kò sọ fún un pé kó má sunkún.