Ẹ́ńsáìmù Tó Dì Gbagidi

Àǹtí yọ ìgò kékeré kan nínú fìrísà, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ iná, ó mì ín, ohun inú rẹ̀ kò sún rárá. Ó ti dì gbagidi.

"Ta ló bu omi sí i?"

Àwọn mẹ́ta péré ló ń wọ yàrá ìwádìí náà: Àǹtí tó ni iṣẹ́, Bàbá Afọgò, tó ti ń fọ ìgò wọn láti ọdún mọ́kànlá, àti ọmọ ẹ̀gbọ́n Àǹtí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀. Kíákíá ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà, orúkọ ọ̀hún sì ro ó, nítorí ọwọ́ rẹ̀ máa ń ṣáájú ọpọlọ rẹ̀.

Ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń mú kí iṣẹ́ inú ara ohun ẹlẹ́mìí yára, ló wà nínú ìgò yẹn. Ara ewéko ni wọ́n ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀, kòkòrò àìfojúrí ni wọ́n sì ń lò láti pèsè rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi àmì bíńtín sí ìdí àwọn RNA kéékèèké, ìyẹn okùn tín-ín-rín tó ń jíṣẹ́ nínú ara, bí ẹni ta kókó sí ìdí òwú kó má baà tú. Wọ́n máa ń pò ó mọ́ gilisaríìnì, omi kíki kan tí kì í tètè dì, nítorí náà kì í dì nínú fìrísà wọn, àfi bí omi bá wọ inú rẹ̀.

Kíákíá ò mọ èyí. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, nígbà tí Àǹtí jáde, Kíákíá ní kí òun kàn fojú kan ìgò náà, ìgò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìdajì sì dà nù. Ẹ̀rù bà á. Ó yára fa omi, ó fi kún un. Omi ò láwọ̀, ẹ́ńsáìmù náà ò láwọ̀; ta ni yóò mọ̀?

Láti ọjọ́ tí Àǹtí ti rí i pé ó dì, ara fu gbogbo wọn. Àǹtí fi àgádágodo ti fìrísà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Bàbá Afọgò, ó ń ka ìbọ̀wọ́, ó ń bi í léèrè wákàtí tó dé àti èyí tó lọ. Bàbá ní òun kò ṣe é, Àǹtí kò gbà. Àbí ta ni omi ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ bí kò ṣe òun? Bàbá náà ń wo Kíákíá láti ẹ̀gbẹ́ ojú, torí ó ti rí ibi tó tutù lórí tábìlì lọ́jọ́ tí Àǹtí jáde. Bó bá ti wúkọ́, Kíákíá á sáré wá iṣẹ́ míì ṣe. Ẹni tó mọ ohun tó ṣe kì í sinmi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Àǹtí fún Bàbá Afọgò ní ìwé gbélé-ẹ. Bàbá bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí àga. Ìtìjú bo Kíákíá.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni. Ó dà nù lọ́wọ́ mi, mo wá bu omi sí i."

Àǹtí jókòó.

"Ìdajì tó kù ìbá tó iṣẹ́ náà ṣe. Omi tó o fi bò ó mọ́lẹ̀ ló bà á jẹ́."

Àǹtí kúnlẹ̀ fún Bàbá, ó bẹ̀ ẹ́ kó padà. Bàbá dárí jì wọ́n, ṣùgbọ́n kò wọ aṣọ náà mọ́.

"Ọdún mọ́kànlá, mà," ló sọ, "mo ní n kò ṣe é, ẹ ò gbà mí gbọ́." Ó sì lọ.

Kíákíá ló fọ ìgò títí ìsinmi fi parí. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé àṣìṣe kì í ba nǹkan jẹ́ tó bíi bíbò ó mọ́lẹ̀, àti pé bí ẹni tó jẹ̀bi bá dákẹ́, aláìṣẹ̀ ni yóò ru ẹrù rẹ̀.