Ewé Tí Wọ́n Pè Lẹ́ẹ̀mejì

Ọjọ́ kẹta tí mo ti yọ ọ̀rá kúrò lára gíláàsì ojú Màmá Àgbà ni ó tún sọ fún mi pé kọ́tíìnì ilé pọ́n bí ìyeyè. Funfun ni kọ́tíìnì náà. Èmi ni mo fọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́. Èmi ni mo gé ọ̀rá aláwọ̀ ìyeyè, tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ìyá ìyá mi nígbà tó ń sùn lọ́sàn-án. Nígbà tó jí, ó ní wàrà inú ife ti bàjẹ́. Ó ní ojú mi náà ti pọ́n, kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ibà. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dùbúlẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti pa ilé-ìwé tì, iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ nìyẹn. Gbogbo àdúgbò ń pè mí ní Dùn-ún-wò, nítorí wọ́n ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ.

Ṣùgbọ́n mo ti yọ ọ̀rá náà, mo sì ti fi ọṣẹ fọ gíláàsì. Mo tilẹ̀ ní kí ó bọ́ ọ sílẹ̀, kí ó fi ojú lásán wo kọ́tíìnì.

"Ó ṣì pọ́n," ni ó wí. "Òrùka kan sì yí gílóòbù yẹn ká. Dùn-ún-wò, kí lo tún fi sí mi lójú?"

"Màmá, mi ò ṣe nǹkan kan."

"Irọ́ ń rùn lẹ́nu ẹ."

Òótọ́ ni mò ń sọ lọ́jọ́ náà, ó sì jọ irọ́ ju gbogbo irọ́ mi lọ. Mo rò pé ṣe ni ó ń fi mí ṣeré padà, pé ó fẹ́ gbẹ̀san. Mo tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí títí dòní, nítorí kò jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì ti bì lẹ́ẹ̀mejì.

Àrùn ọkàn ń ṣe Màmá Àgbà. Ọkàn rẹ̀ máa ń sáré, yóò kọsẹ̀, yóò tún sáré, bí ọmọ tó ń sá fún ẹgba. Dókítà wá fún un ní oògùn oníhóró kan tí kò tóbi ju orí ìṣó lọ, ẹyọ kan lójúmọ́. Ẹ wo nǹkan kékeré! Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọkàn oníjàgídíjàgan yẹn ti ń rìn bí àgbàlagbà tó ń lọ síbi ìpàdé. Èmi ni mo ka ìwé inú páálí rẹ̀ sí i létí. Ìwé náà ní inú ewé òdòdó kan ni wọ́n ti fa oògùn náà yọ, òdòdó elésè àlùkò tí ẹnu rẹ̀ rí bí agogo tó dorí kodò.

"Irú èyí tí Tíṣà ilé kejì gbìn síwájú ilé rẹ̀?" ni ó bi mí.

Mo ní òun ni. Ó mi orí. Èmi gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, òun kò gbàgbé.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ tí mò ń wí yìí ni ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Obìnrin gíga kan ni, ó tẹrí ba díẹ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ wúwo. Aṣọ elésè àlùkò ló wọ̀. Nígbà tó gbé ọwọ́ sókè, mo rí inú apá aṣọ náà: ó funfun, àmì dúdú wínníwínní sì kún un. Òórùn ewé tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rún ń bọ̀ lára rẹ̀.

"Mo wá wo aláìsàn mi," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sún mọ́ ọn kí n tó gbọ́.

Mo rò pé nọ́ọ̀sì ni. Mo kí i, mo sì gbé àga fún un. Ẹ má bínú, àga burúkú ni mo gbé. Mo ti tú ìṣó ẹsẹ̀ rẹ̀ kan láti ọjọ́ Ajé. Ó ti gbé Tíṣà ṣubú, ó ti gbé ẹni tó wá ka mítà iná ṣubú, kódà ológbò fò lé e, ó wó. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu, mo ń retí.

Obìnrin náà jókòó. Àga náà kò dún, kò sì mì. Ó rọra fẹ̀yìn tì í, ẹsẹ̀ àga tó ti yẹ̀ náà sì dúró ṣinṣin, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu.

Ó gbé ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ Màmá Àgbà, tó ti ń tòògbé. Ó ń kà wúyẹ́wúyẹ́. Láàárín oókan àti eéjì, èèyàn lè mí, kó tún mí.

"Ibi méjì ni wọ́n ti pè mí sínú ara kan ṣoṣo," ni ó wí nígbẹ̀yìn.

"Ta ni yín, mà?"

"Bí wọ́n bá pè mí lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ìwọ̀n, màá di ọkàn lọ́wọ́ mú, màá kọ́ ọ ní ìrìn. Bí wọ́n bá pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra dì í mú. Màá dì í mú títí yóò fi dúró." Ó wò mí. Kò bínú. Ojú rẹ̀ jọ ti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ yé e. "Wo fúlásíìkì abẹ́ ibùsùn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìyá yìí lọ sí ọsibítù. Ẹ má jẹ́ kó fẹsẹ̀ rìn."

Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn. Fúlásíìkì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Omi tó dúdú díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ewé ńlá méjì tó ti rọ̀ sì lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo gbórí sókè, kò sẹ́ni lórí àga. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Mo fi ìka kan àga náà, ó wó lulẹ̀ gbì.

Mo ké sí Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tó ń gbé ilé kejì, torí òun nìkan ló ní mọ́tò nítòsí. Ó yọjú lójú fèrèsé.

"Ṣé bí ti ọjọ́ tí o ní iná ń jó ilé mi náà ni?"

Mi ò jà, mi ò búra. Mo na fúlásíìkì sí i. Ó wo inú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ewé òdòdó mi! Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹnì kan ti ń já a. Ìwọ ni mo rò."

"Èmi ni gbogbo ayé máa ń rò, sà. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́!"

A gbé Màmá Àgbà kọjá níwájú ọgbà Tíṣà. Àwọn òdòdó náà dúró gíga, wọ́n tẹrí ba díẹ̀. Mo wo inú ẹnu ọ̀kan. Ó funfun, àmì dúdú wínníwínní sì kún un. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń mì, wọ́n sì kọjú sí ọ̀nà ọsibítù.

Ní ọsibítù, ọkàn Màmá Àgbà ń lù lẹ́ẹ̀mejìdínlógójì péré ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n fa oògùn kan sí i lára, èyí tó máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ gbá oògùn àkọ́kọ́ mú. Dókítà, obìnrin kúkúrú kan tó ń yára sọ̀rọ̀, fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Oògùn gidi ni, àbúrò. Ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín èyí tó ń woni sàn àti èyí tó ń pani kò fẹ̀ rárá. Èyí tó wà nínú hóró, wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ta ló wọn ti inú ewé? Ewé kan lè le ní ìlọ́po méjì ju èkejì tó wà lórí igi kan náà. Kí èèyàn máa rí nǹkan ní pípọ́n, ìkìlọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ta ló sọ fún ọ pé kí o wá?"

"Obìnrin kan ni," ni mo wí. Mi ò fi kún un. Ta ni yóò gba Dùn-ún-wò gbọ́?

Nígbà tí Màmá Àgbà lè sọ̀rọ̀, mo bi í pé kí ló dé tó fi ń mu ewé náà.

"Bí ọmọ inú páálí bá dára tó báyìí," ni ó wí, "ṣé kò yẹ kí n lọ kí ìyá rẹ̀ ni?"

Nígbà tí a padà sílé, wọ́n ní kó máa lo ẹyọ hóró rẹ̀ lọ, èmi ni kí n máa fún un. Òfin dókítà ni pé kí n kọ́kọ́ gbé ìka lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, kí n kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí kò bá tó ọgọ́ta, kí n má fún un, kí n pe àwọn. Mo ti fi ohun gbogbo ṣeré nílé wa, títí kan sálúbàtà àlejò. Mi ò fi ìyẹn ṣeré rí.

Láàárọ̀ àná, mo ń kà. Nígbà tí mo dé ogún, a ti di méjì tó ń kà. Ohùn kékeré kan wà lẹ́yìn etí mi, kò yá jù mí lọ, kò sì rẹ̀yìn. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mi ò wẹ̀yìn, kí ònkà má baà dàrú mọ́ mi lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú pé ní mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. A jọ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Gbé oògùn mi wá," ni Màmá Àgbà wí, ó la àtẹ́lẹwọ́.

"Kò tó, Màmá. Ó ku mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n pe dókítà."

"Nítorí mẹ́ta péré? Ṣé eré rẹ ti dé ìdí oògùn ni?"

Ó gbójú kúrò lára mi, ó wo òkè èjìká mi. Ojú rẹ̀ rọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá rí ojúlùmọ̀ tó ń bọ̀wọ̀ fún.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yìí."

Ó tẹ́tí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó mí kanlẹ̀, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Ó dáa, mo ti gbọ́," ni ó wí. "Màá dúró de ọ̀la."