Aṣọ Dúdú Tí Asiat Fọ̀

"Asiat, ta ló kú nínú ilé yín?"

Keziah, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ló bèèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń rẹ́rìn-ín. Aṣọ dúdú fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri ló rí. "Ó tún ń rùn bí epo! Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ kú ọ̀fọ̀ o."

Ojú ti Asiat. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, tí í ṣe Sátidé, làwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ yòókù ń bọ̀ wá kàwé ìdánwò nílé wọn.

Bẹ́ẹ̀ ilé wọn nìkan kọ́ ni aṣọ yìí wà. Ogójì ilé ní ìlú Ọ̀sí ni Ọ̀gbẹ́ni Lábọ̀dé, olùwádìí láti yunifásítì, fi í kọ́ sí. Ó po epo yànmọ̀tí mọ́ lẹ́búlẹ́bú olú kan, ó fi kun aṣọ náà. Olú yìí kì í ṣe irú èyí tí à ń fi sebẹ̀ o; ó kéré ju ohun tí ojú ń rí lọ, ara kòkòrò ló sì ń hù sí. Bí ẹ̀fọn bá mu ẹ̀jẹ̀ yó, á lọ sinmi lára aṣọ dúdú, olú á lẹ̀ mọ́ ọn, á hù wọ inú rẹ̀. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀fọn á kú, kò ní lè gbé ibà fún ẹlòmíràn mọ́. Àṣẹ kan ni Ọ̀gbẹ́ni Lábọ̀dé pa: "Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì sá a sóòrùn, kí olú má baà kú."

Asiat gan-an ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún Ìyá Àgbà, tó ń tọ́ òun àti Saadat, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin. Tẹ́lẹ̀, ibà kì í jẹ́ kí Saadat rí oṣù kan sinmi. Láti ìgbà tí aṣọ ti dé, oṣù méjì gbáko, ara ọmọ le koko.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹgbẹ́ a máa ta ju agbọ́n lọ. Bí Ìyá Àgbà ti gba oko lọ láàárọ̀ Sátidé, Asiat tú aṣọ náà, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó sá a sórí àpáta tí wọ́n ń sá láfún sí. Ìrọ̀lẹ́ ló tó kọ́ ọ padà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ara Saadat gbóná bí ààrò. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Lábọ̀dé ti wá bá wọn, ìwé lọ́wọ́, ojú rẹ̀ fà ro.

"Ìyá Àgbà, ẹ̀fọn ti padà sílé yín. Ó jọ pé agbára olú yìí kò tó bí mo ṣe rò. Bí mo bá sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, a ò ní lè gbé e dé ìlú Kọ̀rò tó kàn mọ́."

Asiat wo Saadat lórí bẹ́ẹ̀dì, omi oògùn ń kán gba abẹ́rẹ́ wọ ara rẹ̀. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má kọ ọ́. Èmi ni mo fọ̀ ọ́."

Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́. "Háà! Híjáàbù tí mo ní kó o fọ̀ láti ọjọ́ Àìkú, o ò fọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n ní ká má fọ̀ lo lọ fọ̀!"

Ọ̀gbẹ́ni Lábọ̀dé mí kanlẹ̀, ó pa ìwé ọwọ́ rẹ̀ dé. "Dìde, ọmọ mi. O ṣeun. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta lo gbà là yìí."

Kò bú u. Ọjọ́ yẹn gan-an ló gbé aṣọ tuntun wá. Ní ọjọ́ kẹta, Saadat jókòó, ó ní ẹ̀kọ lòun fẹ́ mu. Ìyá Àgbà ní, "Alihamudulilahi," ó sì di iṣu mẹ́ta ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Lábọ̀dé. Asiat ló rù ú. Ó kí baba náà títí, ọpẹ́ kò tán lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá torí ẹ̀rín ẹgbẹ́ ba ohun tó ń ṣọ́ ilé rẹ̀ jẹ́, ilé ara rẹ̀ ni ẹkún máa sọ. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ti yọ̀, ẹ tètè jẹ́wọ́, kí àṣìṣe ẹnìkan má baà di ìyà gbogbo ìlú.